Àjàyí Tí Ó Kọ Èdè Ìyá Rẹ̀ Sínú Ìwé

1. Èdè púpọ̀ nínú ọjà kan

Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá lọ sí ọjà Tchaourou, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Ẹ óò gbọ́ Nàgó, tí í ṣe Yorùbá tiwa. Ẹ óò gbọ́ Bààrìbá. Ẹ óò gbọ́ Fúlàní àti Fọ̀n. Ẹ óò sì gbọ́ Faransé lẹ́nu àwọn tí ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́.

Gbogbo ènìyàn ni ó ń fi ẹnu sọ èdè ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èdè ni ó tètè wọ inú ìwé. Nígbà kan rí, ọmọ Yorùbá kò ní ìwé tí ó lè fi kọ́ ábídí ní èdè ìyá rẹ̀.

Lónìí, ẹ ń ka ìwé yìí. Báwo ni Yorùbá ṣe wọ inú ìwé? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú wọn ni Samuel Àjàyí Crowther. Ẹ jẹ́ kí a ka ìtàn rẹ̀.

2. Ọmọ ahunṣọ

A bí Àjàyí ní nǹkan bí ọdún 1809, ní ìlú Òṣoògùn. Ìlú náà wà ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Kò jìnnà púpọ̀ sí Ìsẹ́yìn.

Àjàyí jẹ́ orúkọ àmútọ̀runwá. Ọmọ tí ó bá dojú bolẹ̀ nígbà tí a bí i ni à ń sọ ní Àjàyí. Bóyá Àjàyí kan wà nínú kíláàsì yín.

Bàbá rẹ̀ jẹ́ ahunṣọ. Ìyá rẹ̀ ń jẹ́ Àfàlà. Ìran bàbá rẹ̀ wá láti Kétu. Kétu wà ní orílẹ̀-èdè wa, Benin, ní apá gúúsù. Nítorí náà, Àjàyí kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa.

Nígbà tí Àjàyí wà ní kékeré, kò mọ ìwé. Kò tí ì rí ilé ẹ̀kọ́ bíi tiyín rí. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ó ń gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀, lẹ́nu bàbá rẹ̀ àti lẹ́nu àwọn àgbà ilé.

3. Òwúrọ̀ ọjọ́ ogun

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1821, àwọn ará ilé Àjàyí ń múra láti jẹun àárọ̀. Kí wọ́n tó jẹun, ogun dé. Àwọn jagunjagun ya wọ ìlú. Wọ́n ń dáná sun ilé. Wọ́n ń mú ènìyàn.

Bàbá Àjàyí sáré wọlé. Ó ní kí ìyá àti àwọn ọmọ sá. Òun alára padà lọ jà. Àjàyí kò fojú kan bàbá rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ìyá Àjàyí kó àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n sá wọ inú igbó. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn jagunjagun tẹ̀ wọ́n. Wọ́n fi okùn sí wọn lọ́rùn bí ẹni ń so ewúrẹ́. Wọ́n kó wọn rìn lọ sí Ìsẹ́yìn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fi Àjàyí pààrọ̀ ẹṣin kan. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ọmọ! Ọmọ ènìyàn ni wọ́n fi pààrọ̀ ẹṣin!

Nígbà tí ó yá, wọ́n mú Àjàyí kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ó sunkún títí. Ẹni kan tà á fún ẹlòmíràn. Ẹlòmíràn náà tún tà á. Báyìí ni wọ́n ṣe ń tà á kiri títí ó fi dé Èkó, létí òkun.

Ní Èkó, àwọn oníṣòwò ẹrú ará Pọtogí rà á. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, wọ́n kó o sínú ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú àwọn ènìyàn tí ó ju 100 lọ. Wọ́n fẹ́ kó wọn lọ sí òkèèrè, kí wọ́n lọ ṣe ẹrú.

Kì í ṣe Èkó nìkan ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ ènìyàn láti etíkun Benin pẹ̀lú, ní ìlú Ouidah. Púpọ̀ nínú wọn kò padà wálé mọ́ láéláé.

4. Ábídí ní Sàró

Orí bá Àjàyí ṣe é. Ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lé ọkọ̀ ẹrú náà bá lójú òkun. Ní ìgbà náà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi òfin de òwò ẹrú. Àwọn ọmọ ogun gba àwọn ẹrú náà sílẹ̀. Wọ́n kó Àjàyí lọ sí Freetown, ní ilẹ̀ tí àwọn àgbà ń pè ní Sàró. Ó dé ibẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 1822.

Àjàyí ti bọ́ lọ́wọ́ oko ẹrú. Ṣùgbọ́n ilé jìnnà. Kò mọ ibi tí ìyá rẹ̀ wà. Kò mọ̀ bóyá ó wà láàyè.

Nítòsí Freetown, wọ́n fi í sí ilé ẹ̀kọ́. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́kọ́ rí ábídí. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi tọrọ owó díẹ̀ lọ́wọ́ ará ilé rẹ̀ kan, kí ó lè ra ábídí tirẹ̀. Láàárín nǹkan bí oṣù 6, ó ti ń ka ìwé. Ó tún kọ́ iṣẹ́ káfíńtà.

Ní ọdún 1825, ó di Kìrìsìtẹ́ẹ́nì. Wọ́n sọ ọ́ ní Samuel Crowther. Ṣùgbọ́n a kò gbàgbé orúkọ tí ó bá wáyé, Àjàyí.

Ní ọdún 1827, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ gíga kan sílẹ̀ ní Freetown. Orúkọ rẹ̀ ni Fourah Bay. Àjàyí wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó di olùkọ́. Ó fẹ́ Asano, tí òun náà ti bọ́ lọ́wọ́ oko ẹrú. Asano náà di olùkọ́.

5. Ìwàásù ní èdè ilé

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ Àjàyí ní ìwé. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí Yorùbá ti inú rẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá wà ní Freetown tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú. Wọ́n ń sọ Yorùbá nínú ilé àti ní ọjà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé ilé ìjọsìn, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń gbọ́.

Ní ọdún 1843, Àjàyí di àlùfáà. Ní ọdún yẹn kan náà, ó tẹ ìwé kan jáde. Ó kó àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ sínú rẹ̀, ó sì sọ ìtumọ̀ wọn. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní ìwé atúmọ̀ èdè.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1844, Àjàyí wàásù ní Freetown ní èdè Yorùbá. Èrò pọ̀ níbẹ̀. Ó jẹ́ ohun ìyanu fún wọn láti gbọ́ èdè ìyá wọn ní irú ibẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé èdè ilé wọn kò kéré sí èdè mìíràn.

6. Ìyá rí ọmọ rẹ̀

Lẹ́yìn èyí, Àjàyí wọkọ̀ padà sí ilẹ̀ Yorùbá. Ó kọ́kọ́ dúró ní Àgbádárìgì, nítorí pé ogun dí ọ̀nà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, ó dé Abẹ́òkúta pẹ̀lú Asano àti àwọn ọmọ wọn.

Ní ọjọ́ 21 oṣù náà, obìnrin kan wá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ta ni obìnrin náà? Àfàlà ni, ìyá rẹ̀!

Ọdún tí wọ́n ti rí ara wọn kẹ́yìn ti tó 25. Ọmọdé ni Àjàyí nígbà tí wọ́n yà wọ́n. Ó ti wá di bàbá ọlọ́mọ. Wọ́n di ara wọn mú. Wọ́n ń wo ara wọn, wọn kò lè sọ̀rọ̀. Omijé ń bọ́ lójú wọn. Nígbà tí ìyá rẹ̀ rí ohùn, ó fi àwọn orúkọ tí ó fi ń kẹ́ ẹ ní kékeré pè é.

Bí Àjàyí bá ti gbàgbé Yorùbá, báwo ni òun àti ìyá rẹ̀ ì bá ti sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ náà?

7. Iná jó ìwé, iṣẹ́ kò dúró

Ní Abẹ́òkúta, Àjàyí ń kọ ìwé lọ́sàn-án àti lóru. Kò jókòó sínú ilé nìkan. Ó ń lọ bá àwọn àgbà. Ó ń fetí sí bí wọ́n ti ń pa òwe. Bí ó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tí kò mọ̀, yóò béèrè, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ń bá Kìrìsìtẹ́ẹ́nì, Mùsùlùmí àti onísẹ̀ṣe sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, nítorí pé gbogbo wọn ni wọ́n ni èdè náà.

Ní ọdún 1849, ìwé ábídí Yorùbá tí ó kọ jáde. Ní ọdún 1852, ó tẹ ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ jáde ní ẹ̀ẹ̀kejì. Ó ti nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ, òwe púpọ̀ sì wà nínú rẹ̀.

Ní ọdún 1862, àjálù kan ṣẹlẹ̀. Iná jó ilé Àjàyí ní Èkó. Àwọn ọ̀rọ̀ àti òwe tí ó ti ń kó jọ fún ọdún 11 jóná. Ó dùn ún gidigidi. Ẹ wo bí yóò ti rí bí ìwé iṣẹ́ yín ti ọdún kan péré bá jóná! Ṣùgbọ́n Àjàyí kò jáwọ́. Ó mú gègé rẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó ṣe ìwé fún. Ní ọdún 1857, ó tẹ ìwé ábídí jáde fún àwọn Ìgbò. Ó ṣe ìwé fún àwọn Núpé pẹ̀lú. Ó mọ̀ pé bí ọmọ Yorùbá ti fẹ́ ka èdè ìyá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Ìgbò àti ọmọ Núpé fẹ́ ka tiwọn.

Ní ọdún 1864, Àjàyí di bíṣọ́ọ̀bù. Kò sí aláwọ̀ dúdú kankan tí ó ti jẹ bíṣọ́ọ̀bù nínú ìjọ Áńgílíkà ṣáájú rẹ̀.

Ní ọdún 1875, Àjàyí àti àwọn mìíràn ṣe ìpàdé ní Èkó. Wọ́n fẹ́ fohùn ṣọ̀kan lórí bí a ó ti máa kọ Yorùbá. Ẹ wo ẹ, ọ àti ṣ tí ó wà nínú ìwé yìí. Ẹ rí àmì kékeré tí ó wà lábẹ́ wọn. Nítorí àmì yẹn ni a fi mọ ìyàtọ̀ láàárín ilé àti ilẹ̀, láàárín òjò àti ọjọ́.

Ní ọdún 1884, gbogbo Bíbélì jáde ní èdè Yorùbá. Àjàyí ni ó ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà, àwọn mìíràn sì ràn án lọ́wọ́. Àjàyí kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891. Ó ti di arúgbó nígbà náà.

8. Ọjọ́ tí a ó máa rántí

Ọjọ́ mẹ́ta wà nínú ọdún tí ó yẹ kí a rántí Àjàyí àti àwọn ènìyàn bíi tirẹ̀.

Ọjọ́ 21 oṣù kejì ni Ọjọ́ Èdè Abínibí ní gbogbo àgbáyé. Ní ọjọ́ yẹn, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú òwe kan wá láti ilé. Ọmọ Nàgó yóò mú ti Nàgó wá. Ọmọ Bààrìbá yóò mú ti Bààrìbá wá. Ọmọ Fúlàní yóò mú ti Fúlàní wá. Ẹ kọ wọ́n sínú ìwé kan ṣoṣo, ìwé kíláàsì yín nìyẹn.

Ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ ni ọjọ́ tí a ń rántí òwò ẹrú àti bí ó ti parí. Ní òru ọjọ́ náà ní ọdún 1791, àwọn ẹrú dìde ní erékùṣù kan tí ó jìnnà, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Haiti lónìí. Wọ́n kọ̀, wọn kò ṣe ẹrú mọ́. Ọjọ́ yìí máa ń bọ́ sí àkókò ìsinmi. Ẹ jókòó ti ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà yín, kí ẹ ka ìtàn Àjàyí sí wọn létí.

Ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ni Ọjọ́ Mọ̀ọ́kọ-Mọ̀ọ́kà. Ní ọjọ́ yẹn, ẹ ka ìwé kan ní Yorùbá, kí ẹ sì ka òmíràn ní Faransé. Bí ẹ bá rí ìwé Bààrìbá, ẹ ní kí ọ̀rẹ́ yín tí ó gbọ́ ọ kà á fún yín.

Wọ́n gba ilé lọ́wọ́ Àjàyí. Wọ́n gba bàbá rẹ̀. Wọ́n yà á nípa sí ìyá rẹ̀ fún ọdún 25. Ṣùgbọ́n wọn kò lè gba èdè ìyá rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì fi sílẹ̀ fún wa.

Àwọn ọ̀rọ̀ tuntun

Ahunṣọ: ẹni tí ó ń fi òwú hun aṣọ.
Àmútọ̀runwá: orúkọ tí ọmọ bá wáyé.
Gègé: ohun tí a fi ń kọ̀wé.
Ìrántí: kí a má ṣe gbàgbé.

Ìbéèrè

1. Kí ni iṣẹ́ bàbá Àjàyí?
2. Kí ni wọ́n fi Àjàyí pààrọ̀ ní Ìsẹ́yìn?
3. Nítòsí ìlú wo ni Àjàyí ti kọ́ ábídí?
4. Ọdún mélòó ni Àjàyí kò fi rí ìyá rẹ̀?
5. Kí ni Àjàyí ṣe lẹ́yìn tí iná jó ìwé rẹ̀?
6. Béèrè òwe kan lọ́wọ́ àgbà ilé yín. Kọ ọ́ sílẹ̀, kí o sì kà á sókè ní kíláàsì.