Ọ̀mọ̀wé Busia àti Ọjà Tamale

A bá àwọn olùkọ́ mélòó kan jókòó ní àdúgbò Sakasaka, nínú ìlú Tamale tí í ṣe olú-ìlú ẹkùn Àríwá ilẹ̀ Ghana, àríyànjiyàn sì bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn. Àwọn kan ní kí ìjọba yọ ọwọ́ kúrò nínú òwò, kí iye ọjà àti owó ọ̀yà máa wá ipò ara wọn. Àwọn yòókù ní bí ìjọba bá ká ọwọ́ kò, ẹnu-ọ̀nà ilé-ìwòsàn ni tálákà yóò kú sí. Orúkọ kan náà ni ìhà méjèèjì sì ń dá, èyíinì ni orúkọ Ọ̀mọ̀wé Kofi Abrefa Busia: àwọn ti ìṣáájú ń fi í yangàn, àwọn ti ìkejì ń fi í ṣe àpẹẹrẹ ohun tí kò dára. Nígbà tí a yẹ ìtàn ọkùnrin náà wò, a rí i pé kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀ láti pín in fún ìhà kan.

Ìlú Wenchi ni a ti bí i, ní 11 oṣù keje ọdún 1913, ní ìdílé ọba. Ó kàwé ní Mfantsipim ní Cape Coast, ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Wesley College ní Kumasi, ó ṣe olùkọ́ ní Achimota, kí ó tó kọjá sí Oxford. Ní 1942, ó wà lára àwọn ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí ìjọba amúnisìn fi ṣe igbákejì ajẹ́lẹ̀ ní Gold Coast. Ìjókòó ọ́fíìsì náà kò tù ú lára, ó sì padà sí ìdí ìwé. Ní 1954, òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Gold Coast, nínú ẹ̀kọ́ nípa ìgbé ayé àwùjọ.

Iṣẹ́ kan wà tí ó ṣe ṣáájú èyí tí àwọn olóṣèlú kì í sábà mẹ́nu bà. Ó lọ sí Sekondi àti Takoradi, ìlú àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àti èbúté, ó sì wádìí bí wọ́n ti ń gbé, bí ara wọn ti le sí, àti ohun tí owó tí wọ́n ń gbà lè rà. Ìjọba tẹ ìwé ìwádìí náà jáde ní 1950. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé orúkọ àwọn ìlú méjì wọ̀nyí.

Nínú òṣèlú, alátakò Nkrumah ni Busia. Ó gbà pé agbára tí ó pọ̀ jù lọ́wọ́ ìjọba kan ṣoṣo léwu, ẹ̀rí rẹ̀ kò sì jìnnà: òfin 1958 gba ìjọba láàyè láti fi ènìyàn sí àtìmọ́lé láìsí ìgbẹ́jọ́. Ní 1959, ó sá kúrò nílùú, ó sì ń ṣe olùkọ́ ní ilẹ̀ Hóláńdì àti ní Oxford. Nkrumah ní tirẹ̀ ń dá ilé-iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ káàkiri, títí àwọn sójà fi lé e ní oṣù kejì 1966. Busia padà wálé. Nínú ìdìbò 29 oṣù kẹjọ 1969, ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ìjókòó 105 nínú 140, ó sì di olórí ìjọba.

Ó ṣí ẹnu ibodè fún ọ̀pọ̀ ọjà òkèèrè tí a ti ń fi ìwé àṣẹ dí lọ́nà. Ìdùnnú olówò nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò tí ì lo oṣù mẹ́ta lórí oyè tí ìjọba rẹ̀ fi pàṣẹ, ní 18 oṣù kọkànlá 1969, pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gba ìwé náà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kí ó jáde.

Níbí ni ìtàn náà ti kan ilé wa. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbòho, Ìgbẹ́tì, Ṣakí àti àwọn ìlú mìíràn ti ń ṣòwò ní Tamale láti ìgbà àwọn òyìnbó. Àwọn ni wọ́n pọ̀ jù nínú ọ̀pọ̀ ìlà ìsọ̀ ọjà ibẹ̀. Owó ìjọba kọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ gbé igbá lórí, wọ́n kiri, wọ́n fi èrè dá ìsọ̀, wọ́n sì fi èrè ìsọ̀ kọ́lé. Bí ènìyàn bá ń wá ọjà tí kò sí ọwọ́ ìjọba nínú rẹ̀, wọn kò ní í rí èyí tó dára ju tiwọn lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ìjọba tí ń yin ọjà òmìnira fi tú u ká. Àwọn kan ta ọjà wọn ní ọ̀pọ̀, àwọn kan fi ilé sílẹ̀ láìtà, àwọn ọmọ tí a bí sí Tamale dé ìlú bàbá wọn bí àlejò. Ìsọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ní 1970, òfin mìíràn tún ya àwọn òwò kéékèèké sọ́tọ̀ fún ọmọ Ghana nìkan. Kí á má sì fi ẹ̀bi náà mọ sí Ghana: ní oṣù kìn-ín-ní 1983, ìjọba Nàìjíríà ṣe bákan náà sí àwọn ará Ghana, ọ̀sẹ̀ méjì náà ni wọ́n sì fún ọ̀pọ̀ nínú wọn.

A kò ní í fi ẹ̀tọ́ Busia dù ú. Ó dá ẹ̀ka ìjọba sílẹ̀ fún ìgbèríko, ó ń wá omi àti ọ̀nà fún àwọn ará oko. Iṣẹ́ ọwọ́ ìjọba ni gbogbo ìyẹn. Ṣùgbọ́n iye kòkó já wálẹ̀ ní 1971, gbèsè àtẹ̀yìnwá sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó bu owó orí ìdàgbàsókè lé òṣìṣẹ́, ó gé àǹfààní àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti ológun, ọdún náà ni òfin owó ilé-ìwòsàn sì jáde. Àwọn òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ ó rántí Sekondi àti Takoradi: wọ́n wà níwájú nínú ìjà náà. Ẹni tí ó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ilé wọn láti ka oúnjẹ inú ìkòkò wọn ni ìjọba rẹ̀ fi òfin tú àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ká ní oṣù kẹsàn-án 1971. Ní tiwa, èyí ni àṣìṣe rẹ̀ tó burú jù, nítorí kò lè sọ pé òun kò mọ̀.

Ní 27 oṣù kejìlá, ó dín iye owó sídì kù ní nǹkan bí ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún. Iye ọjà fò sókè. Ó ń gba ìtọ́jú ní London nígbà tí Kọ́nẹ́ẹ̀lì Acheampong gba ìjọba ní 13 oṣù kìn-ín-ní 1972. Kò tún rí ilé mọ́ láàyè. Ó kú ní Oxford ní 28 oṣù kẹjọ 1978. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ wálé, wọ́n sì sin ín sí Wenchi.