Moses Isserles: Ẹni Tí Ó Tẹ́ Aṣọ Lé Tábìlì

Ìlú Kraków ní ilẹ̀ Pólándì ni a ti bí Moses Isserles, ní nǹkan bí ọdún 1530. Ọlọ́rọ̀ àti sàràkí láàárín àwọn Júù ìlú náà ni baba rẹ̀. Ó rán ọmọ rẹ̀ lọ sí Lublin, sọ́dọ̀ Rábì Shalom Shachna, kí ó lọ kọ́ òfin. Ọ̀dọ̀ olùkọ́ yìí náà ni Isserles ti rí aya fẹ́, ṣùgbọ́n obìnrin náà kò dàgbà kí ó tó kú ní ọdún 1552. Nígbà tí ó padà sílé, ó di rábì Kraków, ó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ó sì ń fi owó ara rẹ̀ bọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Ó ti ń kó òfin àti àṣà àwọn Júù jọ sínú ìwé kan nígbà tí ó gbọ́ pé ẹlòmíràn ti ṣáájú rẹ̀. Joseph Karo ni ẹni náà, ọmọ Sípéènì tí ó ń gbé ní Safed ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì. Ó dun Isserles púpọ̀, nítorí ó dà bí ẹni pé làálàá rẹ̀ ti já sí asán. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń ka iṣẹ́ Karo, ó rí i pé àwọn àgbà tí Karo gbójú lé jù lọ kò sọ̀rọ̀ tó nípa ohun tí àwọn Júù Jámánì àti Pólándì ń ṣe. Ní ọdún 1565, wọ́n tẹ ìwé kúkúrú tí Karo kọ jáde ní Venice. Shulchan Aruch ni orúkọ rẹ̀, èyíinì ni Tábìlì tí A Ti Tẹ́. Bí gbogbo Júù bá wá ń jẹun nídìí tábìlì yìí, kí ni yóò gbẹ̀yìn àṣà àwọn baba Isserles?

Kò kọ ìwé mìíràn láti bá a díje. Ó fi àlàyé tirẹ̀ há àárín ọ̀rọ̀ Karo, ó sì pè é ní Mappah, aṣọ tábìlì. Ní nǹkan bí ọdún 1570, wọ́n tẹ méjèèjì pọ̀ ní Kraków. Karo gbà kí a jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà nígbà Àjọ Ìrékọjá. Isserles ní àṣà àwọn tirẹ̀ kò gbà á. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ètùtù, àwọn kan a máa fi àkùkọ yí orí ká kí wọ́n tó pa á. Karo ní kí a dá wọn lẹ́kun; Isserles ní àṣà àtayébáyé ni, kí a má ṣe yí i padà.

Síbẹ̀, kì í ṣe ẹrú àṣà. Ní ọjọ́ Ẹtì kan, wọ́n fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ọmọbìnrin aláìníbaba kan. Láàárín wọn, ìdílé ìyàwó ni ó ń mú owó wá. Owó yìí kò pé, ọkọ sì kọ̀ jálẹ̀. Ilẹ̀ ti ṣú, Ọjọ́ Ìsinmi tí a kì í gbéyàwó ti wọlé, kí ìjà tó parí. Isserles dìde, ó so wọ́n pọ̀ lóru náà, kí ìtìjú má baà pa ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn ènìyàn kùn gidigidi. Ó kọ̀wé láti fi òfin gbe ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Hayyim ben Bezalel, tí wọ́n jọ kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Shachna, kọ̀wé ta ko Torat ha-Chatat, ìwé òfin mìíràn tí Isserles kọ. Ẹ̀rù ń bà á pé bí òfin bá ti wà nínú ìwé kúkúrú, kò sí ẹni tí yóò tún wo ìwé àwọn àgbà mọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, ṣùgbọ́n irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti tàn kálẹ̀ kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni lè dá dúró.

Isserles kú ní ọdún 1572. Ẹ̀gbẹ́ sínágọ́gù tí ìdílé rẹ̀ kọ́ ni ibojì rẹ̀ wà ní Kraków, àwọn Júù sì ń wá síbẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn ní àyájọ́ ikú rẹ̀.