Anne Sullivan, Olùkọ́ Helen Keller

Ẹ̀yin ìyá wa, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti gbọ́ nípa Helen Keller ti Amẹ́ríkà, afọ́jú tó tún jẹ́ adití, tó sì kàwé gboyè. Ìtàn obìnrin tó kọ́ ọ ni a mú wá lọ́tẹ̀ yìí.

Ọdún 1866 ni wọ́n bí Anne Sullivan ní Massachusetts. Àìsàn ojú mú un ní kékeré, díẹ̀ ló kù kó fọ́ pátápátá. Ìyá rẹ̀ kú, bàbá sì fi wọ́n sílẹ̀. Ní 1876 wọ́n kó òun àti Jimmie àbúrò rẹ̀ lọ sí ilé àwọn aláìní ní Tewksbury. Ibẹ̀ ni Jimmie kú sí. Nígbà tí àwọn aláṣẹ wá bẹ ibẹ̀ wò, ó tọ̀ wọ́n lọ, ó bẹ̀ wọ́n pé ilé ìwé ni òun fẹ́. Ọmọ ọdún 14 ni nígbà tó wọ ilé ìwé àwọn afọ́jú ti Perkins ní Boston. Kò mọ̀wé rárá. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún un, ó ríran díẹ̀, ó sì ṣe ipò kìíní nígbà tó jáde ní 1886.

Ní oṣù kẹta 1887 ló dé ọ̀dọ̀ àwọn Keller ní Alabama. Helen kò tíì pé ọdún méje. Àánú ọmọ náà ń ṣe ilé débi pé kò sẹ́ni tó ń bá a wí. Inú àwo ẹni gbogbo ló ń tọwọ́ bọ̀. Anne kò gbà. Bóyá àwọn kan nínú wa ì bá ní ọwọ́ rẹ̀ ti le jù. Ó mú ọmọ náà lọ sí ilé kékeré kan nínú ọgbà wọn, kó má baà máa sá tọ ìyá rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Lójoojúmọ́ ló ń fi ìka kọ lẹ́tà sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ọmọ ń sín in jẹ, ṣùgbọ́n kò yé e. Lẹ́yìn bí oṣù kan, nídìí ẹ̀rọ omi, omi ń dà sí ọwọ́ Helen kan, Anne ń kọ orúkọ omi sí ìkejì. Ó yé e! Láti ìgbà náà ni Anne ti ń fi ìka bá a sọ̀rọ̀ ṣáá, bí a ti ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀ kó tó lè fèsì.

Ní Radcliffe, láti 1900 sí 1904, Anne jókòó tì í, ó ń kọ ẹ̀kọ́ sí i lọ́wọ́, ó sì ń fi ojú tí kò dá yẹn ka ìwé fún un. Helen gba oyè. Wọn kò fún Anne ní nǹkan kan. Ó di 1932 kí Yunifásítì Temple tó fi oyè dá a lọ́lá.

Ojú rẹ̀ ti fọ́ kó tó kú ní 1936. Helen ló di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kàtídírà ńlá ní Washington ni wọ́n gbé eérú rẹ̀ sí, nígbà tí Helen sì kú ní 1968, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n gbé tirẹ̀ náà sí.