Oskar Minkowski, Oníṣègùn tí Ó Tú Àṣírí Àtọ̀gbẹ

Bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ fún ẹnì kan ní Port Harcourt lónìí, tí dókítà sì gé gbogbo pancreas rẹ̀ kúrò, èyíinì ni ẹ̀yà inú tí ó fara pamọ́ sẹ́yìn àpòlúkù, kí ojú ọgbẹ́ tó jinná ni ẹni náà yóò ti di alátọ̀gbẹ. Oskar Minkowski wà nínú àwọn méjì tí wọ́n kọ́kọ́ fi ìdí èyí múlẹ̀.

Ọmọ Júù ni. Wọ́n bí i ní ọjọ́ 13 oṣù Kìíní, 1858, ní Aleksotas lẹ́bàá ìlú Kaunas, tí ó wà lábẹ́ ìjọba Rọ́ṣíà nígbà náà, tí ó sì wà ní Lithuania nísinsìnyí. Àwọn òbí rẹ̀ ṣí lọ sí Königsberg ní Jámánì, bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn òǹkàwé wa náà ti fi ilé sílẹ̀ wá ibi tí yóò san wọ́n. Hermann àbúrò rẹ̀ di àgbà onímọ̀ ìṣirò, ó sì kọ́ Einstein. Ìṣègùn ni Oskar yàn ní tirẹ̀, ó sì tẹ̀lé Naunyn, ọ̀gá rẹ̀, dé Strasbourg ní 1888.

Ní 1889, òun àti Josef von Mering ń jiyàn lórí bí ọ̀rá oúnjẹ ṣe ń dà nínú ikùn. Láti mọ òdodo, ó gé pancreas ajá kan kúrò, ajá náà kò sì kú. Ṣùgbọ́n láìpẹ́, ajá tí a ti kọ́ ní ìmọ́tótó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ káàkiri ilẹ̀. Minkowski bá ìránṣẹ́ tí ń tọ́jú rẹ̀ wí pé kì í mú un jáde déédéé. Ìránṣẹ́ náà jẹ́ kí ó mọ̀ pé bí wọ́n ti ń mú un wọlé padà ni ó tún ń tọ̀. Ọ̀gá náà kò tìtorí pé ìránṣẹ́ ni ó sọ̀rọ̀ kí ó kọ etí ikún sí i. Ó yẹ ìtọ̀ náà wò, ó sì bá ìdá 12 ṣúgà nínú 100. Àwọn àgbà wa tí ń wo bí èèrà ṣe ń ṣù bo ìtọ̀ aláìsàn ìbá ti fura!

Kò yára yọ̀. Ó rò pé bóyá oògùn tí von Mering ń fún àwọn ajá ni ó fà á, nítorí náà ó gé ti àwọn ajá mìíràn. Ọ̀kan náà ni àbọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó rì ègé pancreas sábẹ́ awọ ajá, àtọ̀gbẹ kò sì wá. Ìgbà tí ó yọ ègé náà ni àrùn dé. Èyí fi hàn pé ohun kan wà tí ẹ̀yà yìí ń fi ránṣẹ́ sínú ẹ̀jẹ̀.

Ohun náà ni ínsúlìnì, tí Banting àti Best rí ní Toronto ní 1921. Ní oṣù Kìíní 1922 ni wọ́n gún un fún Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14. Òun ni ẹni tí a kò ní pancreas mọ́ fi ń wà láàyè, pẹ̀lú oògùn tí ń mú oúnjẹ dà. Kò sì yẹ kí ohun dídùn jìnnà sí i, nítorí ṣúgà ara rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì.

Minkowski ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní Breslau títí di 1926. Ẹ̀bùn Nobel ti 1923 bọ́ sọ́wọ́ Banting àti Macleod; kò kan òun. Ó kú ní 1931. Nígbà tí ìjọba Hitler gbógun ti àwọn Júù, ìyàwó rẹ̀ kó lọ sí Argentina, ọmọ rẹ̀ sì gba Amẹ́ríkà lọ.