Lulu Hunt Peters: Dókítà obìnrin tó gbé kálórì wọ ilé ìdáná

Ẹ̀yin tí ẹ ní áàpù tó ń ka kálórì lórí fóònù yín, obìnrin kan wà tó yẹ kí ẹ mọ ìtàn rẹ̀. Kó tó di pé ìwé rẹ̀ jáde lọ́dún 1918, ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni kálórì. Ìyá tó ń dáná nínú ilé kò fi ṣe nǹkan kan. Lulu Hunt Peters ló yí ìyẹn padà.

Ọdún 1873 ni wọ́n bí i ní ìpínlẹ̀ Maine, ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó yá, ó kọjá sí California, ó sì gboyè dókítà ní yunifásítì ìpínlẹ̀ náà lọ́dún 1909, lásìkò tí obìnrin tó jẹ́ dókítà kò wọ́pọ̀ rárá. Los Angeles ló ti ṣiṣẹ́, ó sì ń darí ọ̀rọ̀ ìlera fún àwọn ẹgbẹ́ obìnrin níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n dókítà náà ní ìjà tirẹ̀ tó ń jà. Ó sanra. Ìgbà kan wà tí ìwọ̀n rẹ̀ dé 220 pọ́n-ùn, ìyẹn bíi 100 kílò. Ó já 70 pọ́n-ùn kúrò nínú rẹ̀. Kì í ṣe oògùn ló lò o, ìṣirò ni.

Ẹlòmíì ló ti ṣe iṣẹ́ tó le jù nínú ìṣirò yẹn ṣáájú rẹ̀. Wilbur Atwater, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Wesleyan, Connecticut, ló kọ́ yàrá kan tí èèyàn lè wà nínú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, tí wọ́n á máa wọn oúnjẹ tó ń wọlé fún un àti ooru tó ń jáde lára rẹ̀. Níbi iṣẹ́ rẹ̀ la ti mọ̀ pé gíráàmù kan purotéènì ń fún ara ní kálórì 4, ti kaboháídíréètì tó wà nínú ìrẹsì àti búrẹ́dì náà jẹ́ 4, ti ọ̀rá sì jẹ́ 9. Atwater kú lọ́dún 1907. Lulu ló wá sọ ọ́ di ohun tí ará ilé lè lò.

Ọgbọ́n rẹ̀ nìyí. Ó ní kí èèyàn wo ínǹṣì tó fi ga ju ẹsẹ̀ bàtà 5 lọ, kó sọ ọ́ di ìlọ́po 5 àti ààbọ̀, kó fi 110 kún un. Ẹni tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínǹṣì 4 á rí 132 pọ́n-ùn, bíi 60 kílò. Ìyẹn ni ìwọ̀n tó yẹ ẹ́. Fún pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan, kó jẹ kálórì 15 sí 20 lójúmọ́, bí iṣẹ́ rẹ̀ bá ṣe le tó. Ẹni wa yìí á jẹ 1,980 sí 2,640. Tó bá fẹ́ fọn, kó yọ 500 kúrò nínú ohun tó ń jẹ lójúmọ́, á máa dín pọ́n-ùn bíi 4 lóṣù. Ó tún ní kí wọ́n má ṣe sọ pé ègé búrẹ́dì kan mọ́, kí wọ́n sọ pé búrẹ́dì kálórì 100.

Ìwé náà pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Ọmọdé kan nínú ẹbí rẹ̀ ló ya àwọn àwòrán inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àsìkò ogun ni. Lulu sọ oúnjẹ àjẹjù di ẹ̀ṣẹ̀ sí ìlú, ó ní kí àwọn obìnrin kóra jọ, kí wọ́n máa wọn ara wọn, kí ẹni tí kò bá fọn sanwó ìtanràn. Òun tó mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń dunni tó ló fi ìtìjú kún un. Títí dòní, ìtìjú yẹn ò tíì kúrò ńlẹ̀.

Lẹ́yìn tí ìwé jáde, ó bá Red Cross lọ sí Balkan, níbi tí ebi ti ń pa àwọn èèyàn. Nígbà tó padà dé, ìwé rẹ̀ ti gba ìgboro. Lọ́dún 1924 àti 1925, òun ló tà jù ní Amẹ́ríkà nínú àwọn ìwé tí kì í ṣe ìtàn àròsọ. Láti 1922 ló ti ń kọ̀wé déédéé nínú Los Angeles Times, kò sì dáwọ́ dúró títí ó fi kú lọ́dún 1930. Àrùn òtútù àyà ló pa á, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta.

Nǹkan kan ló dùn mí nínú ìtàn yìí. Lulu tún dábàá kálórì 1,200 lójúmọ́ fún ẹni tó fẹ́ fọn. Nọ́ńbà yẹn ni ayé dì mú, wọ́n ju ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀ láti ara oníkálukú nù. Títí di báyìí, wọ́n ṣì ń gbé 1,200 kan náà fún ọmọge tó jókòó sí ọ́fíìsì àti bọ̀dá tó ń gbé bíríkì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ṣé ara wọn dọ́gba ni?

Láti 1990 la ti ní ìṣirò tó dáa ju ti Lulu lọ. Ẹ sọ kílò yín di ìlọ́po 10, ẹ sọ gíga yín ní sẹ̀ǹtímítà di ìlọ́po 6.25, ẹ ro méjèèjì pọ̀. Ẹ yọ ìlọ́po 5 ọjọ́ orí yín kúrò. Ọkùnrin á fi 5 kún un, obìnrin á yọ 161. Ohun tí ara ń ná tí ẹ bá kàn sùn sílẹ̀ nìyẹn. Rìnrìn àti iṣẹ́ á gorí ẹ̀. Bí ẹ bá sì ti ń fọn, ẹ tún un ṣe, torí ara tó kéré kì í náwó bíi ti tẹ́lẹ̀.

Purotéènì ńkọ́? Ó kéré tán, gíráàmù 0.8 fún kílò kan. Ẹni tó ń fọn sábà máa ń nílò tó 1.2 sí 1.6, kí iṣan má baà bá ọ̀rá lọ. Ẹni 70 kílò á wá gíráàmù 84 ó kéré tán, ẹyin kan sì jẹ́ bíi 6. Ẹni tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu, kó kọ́kọ́ rí dókítà.

Ẹ ka kálórì o, kò burú. Ṣùgbọ́n ara tiyín ni kí ẹ fi kà á.