Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ kò fi mọ sórí èsì nìkan

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ máa ń bá àwọn tó ń bú aláwọ̀ dúdú jà lórí X àti Facebook, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi níṣẹ́jú méjì péré. Mo fẹ́ sọ ìtàn Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ fún yín.

Ọmọ Abẹ́òkúta ni. Lọ́dún 1922 ló wọ London láti kọ́ṣẹ́ lọ́yà. Láyé ìgbà yẹn, aláwọ̀ dúdú á lọ béèrè yàrá tó fẹ́ rẹ́ǹtì, onílé á wo ojú ẹ̀, á ní yàrá ti tán. Owó wà lọ́wọ́ ẹ̀ o, àwọ̀ ara ẹ̀ ni wọn ò fẹ́.

Nígbà tó di 1924, ìwé ìròyìn Evening News kọ ọ́ pé títí di àìpẹ́ sígbà yẹn, èèyàn jíjẹ àti oògùn ìkà wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà. Ṣólàńkẹ́ ò gbà. Ó kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn West Africa, ó já irọ́ náà.

Ṣùgbọ́n kò fi mọ síbẹ̀. Lọ́dún yẹn náà, òun àti Amy Ashwood Garvey dá Nigerian Progress Union sílẹ̀. Ní August 7, 1925, òun àti Bankole-Bright, ọmọ Sierra Leone, tún dá WASU sílẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà.

Ilé làbọ̀ sinmi oko, àmọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ò nílé tí wọ́n máa bọ̀ sí. Ni Ṣólàńkẹ́ bá padà sílé, ó ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ó ń kówó jọ. Lọ́dún 1933, WASU ṣí ilé tiwọn ní Camden. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì náà gbé ilé akẹ́kọ̀ọ́ tiwọn kalẹ̀, Aggrey House, WASU yarí: wọn ò fẹ́ ilé tí ìjọba á ti máa ṣọ́ wọn. Kwame Nkrumah náà ṣe ẹgbẹ́ yìí. London ni Ṣólàńkẹ́ kú sí lọ́dún 1958, òmìnira Nàìjíríà ku ọdún méjì.

Lọ́dún 2024, irọ́ tí wọ́n pa lórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa ẹni tó pa ọmọbìnrin mẹ́ta ní Southport ló mú káwọn jàǹdùkú kọ lu òtẹ́ẹ̀lì táwọn tó wá sá sí Gẹ̀ẹ́sì ń gbé. Ti 1924 wà nínú bébà, ti 2024 wà nínú fóònù.

Mi ò ní kẹ́ ẹ dákẹ́ o. Ẹ fèsì, ẹ já irọ́ wọn. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fèsì tán, tẹ́ ẹ pa dátà, ta ló ń bá ọmọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé London wá yàrá?