Bowen Lẹ́nu Ọ̀nà Tí Ó Dí

Ẹ̀yin ará wa ní kíláàsì àgbà, orúkọ Bowen kì í ṣe àjèjì sí etí yín. Bí ẹ bá ti Ẹdẹ lọ sí Ìwó, ẹ óò rí Yunifásítì Bowen níbẹ̀, èyí tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ ní 2001. Iṣẹ́ tí ọkùnrin náà ṣe ni a sábà máa ń rántí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni ó fi dúró láìmọ ohun tí Ọlọ́run fẹ́ ṣe, apá yẹn ni kí ẹ jẹ́ kí a fi ọkàn sí lónìí.

A bí Thomas Jefferson Bowen ní Georgia ní Amẹ́ríkà ní 1814. Ó ti ṣe ológun rí kí ó tó gba Kristi gbọ́ ní 1840. Ní 1849, ìgbìmọ̀ àwọn Onítẹ̀bọmi ìhà gúúsù Amẹ́ríkà yàn án láti wá wàásù ní ilẹ̀ wa, ìlú tí ó sì ní lọ́kàn ni Ìgbòho. Òun àti Hervey Goodale ni wọ́n jọ wọ ọkọ̀ ojú omi. Goodale kò dé ọ̀dọ̀ wa. Liberia ni ó kú sí ní 1850. Bowen nìkan ni ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹjọ ọdún náà.

Ó dé Abẹ́òkúta, ọ̀nà sì dí. Nítorí ogun, kò sí bí ó ṣe lè dé Ìgbòho. Ìwọ tí o ń kà á, fi ara rẹ sí ipò rẹ̀. Ẹnì kejì rẹ ti kú lọ́nà. Owó àwọn ará ìjọ ni o ń ná. Lẹ́tà a máa pẹ́ kí ó tó dé òkè òkun, àwọn tí ó rán ọ sì ń retí ìròyìn ọkàn tí a gbà là. Kí ni ìwọ ìbá kọ sí wọn? Pé o jókòó? Bí oṣù méjìdínlógún ni ó fi rí bẹ́ẹ̀. Bóyá ìwọ náà wà lẹ́nu irú ọ̀nà yìí: o ti kọ̀wé wá iṣẹ́, èsì kò dé, tàbí ọmọ ni o ń tọrọ, ọdún sì ń gorí ọdún.

Àwọn míṣọ́nnárì CMS tí wọ́n ti wà ní Abẹ́òkúta ṣaájú rẹ̀ gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Kò fi ọwọ́ lẹ́rán. Ó jókòó ti èdè Yorùbá, ó ń gbọ́ ọ, ó ń sọ ọ́, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì kọlu ìlú ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta, 1851, Bowen wà níbẹ̀, ohun tí ó mọ̀ nípa ogun sì wúlò fún àwọn Ẹ̀gbá títí wọ́n fi lé ọ̀tá padà. N kò sọ pé nítorí èyí ni Ọlọ́run ṣe dí ọ̀nà Ìgbòho. Ta ni ó lè sọ bẹ́ẹ̀?

Ní 1852, Kúrunmí gbà á ní Ìjàyè. Bowen lọ sílé láti wá olùrànlọ́wọ́, ó gbé Lurana Davis níyàwó ní 1853, wọ́n sì padà wá. Wọ́n kọ́ ilé ìsìn sí Ìjàyè ní 1854. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí ó bá wọn wá, Dennard àti aya rẹ̀ kú kí ọdún tó yí po, ojú sì ń dun Lacy, ó padà sílé. Ní 1855 Bowen dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ní 1856 àìsàn gbé e lọ sílé.

Ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá tí ó ṣe jáde ní Amẹ́ríkà ní 1858. Ẹ rántí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ èdè náà.

Ó tún lọ sí Brazil ní 1859, nítorí àwọn Yorùbá tí a kó lẹ́rú lọ síbẹ̀. Àìsàn tún lé e padà ní 1861. Láti ìgbà náà ara rẹ̀ kò yá mọ́, àìsàn náà sì dé ọpọlọ. Kò tún fi ojú kan ilẹ̀ wa mọ́. Ogun pa Ìjàyè run ní 1862. Ní 1869 kò sí míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi kankan mọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní Èkó, Sarah Harden, opó míṣọ́nnárì, àti àwọn onígbàgbọ́ díẹ̀ ni wọ́n ń pàdé pọ̀.

Ní 1875, W. J. David àti W. W. Colley dé láti tún iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, Bowen kú ní ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní Milledgeville, ní Georgia tí a ti bí i.